Ìtẹ̀ka ní Gbangba: Ìtàn Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú láti Kó Ìbuwọ́lùwé Jọ, láti Èkó Àtijọ́ dé Ikate Elegushi

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ẹ̀tọ́ tí ará ìlú ní láti dúró níbi tí èrò ń gbà kọjá, kí ó sì rọ̀ wọ́n láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Àlàyé tí a gbé kalẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ kì í sábà bá ìwé ẹ̀hónú fúnra rẹ̀ jà. Ibi tí a ti ń kó orúkọ jọ ni wọ́n máa ń dí. A tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti Èkó ní ọdún 1908 àti 1940, Abẹ́òkúta ní ọdún 1947, títí dé agbègbè Ikate Elegushi lẹ́bàá òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ẹ̀tọ́ láti buwọ́ lùwé kò pé bí kò bá sí ilẹ̀ gbogbogbòò tí a ti lè lò ó. Ó parí pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ Yorùbá lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹnì kan bá kọ lẹ́tà sí ìjọba pé afárá ìlú òun ti já, lẹ́tà ẹnì kan ni. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá buwọ́ lù ú, ó ti di ọ̀rọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ìbuwọ́lùwé kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ní láti mú ìwé náà dání, kí ó lọ síbi tí ènìyàn pọ̀ sí, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ó sì bẹ àwọn tí ń kọjá lọ pé kí wọ́n dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ni èyí. Ìpéjọ ni ó sì tún jẹ́. Ìdí nìyí tí abala 39 àti abala 40 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi kàn án papọ̀: àkọ́kọ́ dáàbò bo ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn ẹni, èkejì dáàbò bo ẹ̀tọ́ láti péjọ ní àlàáfíà.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni ará ìlú lè dúró sí láti lo ẹ̀tọ́ méjèèjì yìí?

2.0 Ọjà, Ojúde Ọba àti Oríta

Kí àwọn Òyìnbó tó dé, àwọn ìlú Yorùbá ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ti gbogbo ènìyàn. Iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Ẹni tí ó wá ná ọjà wà lójú ọba. Ọba pẹ̀lú wà létí ọjà. Níbẹ̀ ni ìròyìn ti ń tàn, níbẹ̀ ni a ti ń fi orin bú ẹni tí ó bá ṣe ohun tí kò tọ́, níbẹ̀ náà sì ni àwọn ẹgbẹ́ àti ọmọ àdúgbò ti ń fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn. Kò sí ìwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye ẹsẹ̀ tí ó tẹ ojúde dúró fún iye orúkọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ìdènà. Bí Orò bá jáde, obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú. Ìyálọ́jà àti àwọn olóyè ọjà ní àṣẹ lórí ẹni tí yóò pàtẹ àti ibi tí yóò pàtẹ sí. Síbẹ̀, ojúde kì í ṣe ogún bàbá ẹnì kan. Òye yìí, pé ibi kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, ni àwọn ará Èkó gbé wọ inú ìjà wọn pẹ̀lú ìjọba amúnisìn.

3.0 Èkó: Omi, Owó-orí àti Ìtẹ̀ka

Ní ọdún 1908, ìjọba Gómìnà Walter Egerton gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, kí àwọn ará ìlú sì san owó rẹ̀. Àwọn ènìyàn fárígá. Lójú wọn, àwọn Òyìnbó ni yóò jàǹfààní omi náà jù, nígbà tí kànga wà ní agboolé tiwọn. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún yẹn láti gbé ọ̀rọ̀ náà lárugẹ. Ìpàdé gbogbogbòò, ìwé ẹ̀hónú, àròkọ nínú ìwé ìròyìn àti ìwọ́de lọ sí ilé gómìnà ni wọ́n lò pa pọ̀. Ní ọdún 1909, ìjọba gbé òfin jáde lórí ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ sí ìjọba, tí ó sọ àríwísí líle di ọ̀ràn. Omi ẹ̀rọ Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1915. Ìjà lórí owó rẹ̀ kò sì tíì tán nígbà náà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba gba ìwé ẹ̀hónú lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi òfin ká ẹnu àwọn tí ń mú kí ìwé náà ní èrò lẹ́yìn.

Àwọn obìnrin ọlọ́jà ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Erékò, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà. Nígbà tí òfin owó-orí ọdún 1940 ní kí obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá ju £50 lọ máa san owó-orí, àwọn obìnrin wọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà Èkó ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1940. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú. Nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò lè kọ orúkọ, ìka ni wọ́n tẹ̀ sí i. Láìpẹ́, ìjọba gbé iye náà sókè láti £50 sí £200, èyí tí ó yọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ọjà kúrò nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìtẹ̀ka yìí. Ẹni tí kò mọ̀wé kò lè ka ohun tí ó tẹ̀ka sí. Ó ní láti gbọ́ ọ. Nítorí náà, kí obìnrin kan tó lè tẹ̀ka, ẹlòmíràn ní láti ka ìwé náà sókè ní èdè tí ó gbọ́, kí ó sì dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Ìsọ̀ ẹja ni yàrá ìkàwé, ọjà sì ni gbọ̀ngàn ìpàdé. Bí a bá lé wọn kúrò ní ọjà, ìka kì yóò dé orí ìwé. Ìbuwọ́lùwé ọ̀mọ̀wé lè wá láti inú yàrá rẹ̀. Ìtẹ̀ka tálákà kò lè wá bí kò ṣe láti gbangba.

4.0 Abẹ́òkúta: Ọ̀nà Kan Kò Wọjà

Ìtàn Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Apá tí ó kan iṣẹ́ yìí ni bí olùkọ́ ṣe di aṣáájú ìwé ẹ̀hónú. Ní ọdún 1944, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní ìwé kíkà àti kíkọ. Ìgbà tí wọ́n jókòó ti ìwé ni àwọn ọ̀làjú obìnrin inú ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú àwọn ọlọ́jà ń rí: ìrẹsì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, owó-orí tí wọ́n ń fi ipá gbà. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bẹ̀: wọ́n kọ̀wé, wọ́n rán aṣojú, wọ́n ní kí àyẹ̀wò owó wáyé. Nígbà tí etí ikún ni ìjọba ìbílẹ̀ kọ sí i, wọ́n jáde.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ wọlé. Nígbà tí àwọn aláṣẹ kọ̀ láti fún wọn láyè fún ìwọ́de, àwọn obìnrin yí orúkọ rẹ̀ padà. Wọ́n ní àwọn ń lọ ṣe fàájì ni, tàbí pé ọdún ni àwọn ń ṣe. Òfin tí ó ka ìwọ́de léèwọ̀ kò rí ohun tí yóò sọ sí ọdún ṣíṣe. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ní ọjọ́ 29 sí 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tí iye wọn ju 10,000 lọ sùn síta ààfin Aláké. Ní oṣù Keje ọdún 1948, Ọba Ladapọ̀ Adémọ́lá kúrò nílùú lọ sí Òṣogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949 ó fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan, ó sì padà ní ọdún 1950. Wọ́n dá owó-orí àwọn obìnrin dúró.

Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kò sọ pé kò sí òfin. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ojúde ààfin ti jẹ́ ti gbogbo ìlú kí ìwé àṣẹ tó dé, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

5.0 Ohun tí Òfin Sọ

Lẹ́yìn òmìnira, ìwé àṣẹ kò bá Òyìnbó lọ. Òfin ìpéjọpọ̀ ìlú tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní ọdún 1979 fi àṣẹ sọ́wọ́ gómìnà, tí ọlọ́pàá sì ń lò ó, láti pinnu ẹni tí ó lè péjọ ní gbangba, ibi tí yóò ti péjọ àti àkókò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi gbà á bí ẹni pé àyè ni ìpéjọ jẹ́, kì í ṣe ẹ̀tọ́.

Ẹjọ́ tí ó yí èyí padà wá láti Kano. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, ọlọ́pàá tú ìpéjọ ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP ká, nítorí pé wọn kò ní ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ náà gbé ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dá wọn láre ní oṣù Kẹfà ọdún 2005. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2007, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i nínú ìdájọ́ tí Adájọ́ Olúfúnlọ́lá Adékẹ́yẹ kà: ìwé àṣẹ láti péjọ lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, kò sì yẹ ìjọba àwa-arawa.

Òfin ọlọ́pàá tuntun, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, tẹ̀ síwájú sí i. Abala 83 rẹ̀ ní bí ènìyàn bá ti fi tó ọlọ́pàá létí pé òun fẹ́ ṣe ìpàdé tàbí ìwọ́de ní òpópónà tàbí níbi tí gbogbo ènìyàn lè dé, ojúṣe ọlọ́pàá ni láti pèsè ààbò. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín kí a tọrọ àyè àti kí a fi tó ni létí. Àlejò ni ń tọrọ àyè. Onílé ni ń fi tó ni létí pé òun ń ṣe ìnáwó.

6.0 Ikate Elegushi: Ta Ló Ni Ilẹ̀?

Bí òfin bá ti wá fara mọ́ ará ìlú tó báyìí, kí ló kù? Ilẹ̀ ló kù. Kò sí ibi tí èyí hàn gbangba bíi ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀tì-Ọ̀sà, ní ìhà Ikate Elegushi àti àyíká rẹ̀. Abúlé apẹja àti ilẹ̀ ìdílé ni ibẹ̀ kí ìlú Èkó tó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Maroko pẹ̀lú ìkìlọ̀ ọjọ́ méje péré. Àwọn tí ó sọ ilé nù ni a ṣírò sí nǹkan bíi 300,000. Díẹ̀ nínú wọn bọ́ sí Ilasan, tí kò jìnnà sí Ikate. Láti ìgbà náà, ilé aláràbarà, ọgbà olódi àti ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀ṣọ́ dúró sí ti gbilẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ìbuwọ́lùwé jọ níbẹ̀ yóò rí i pé ilé pọ̀ ṣùgbọ́n ojúde kò sí. Òpópónà nìkan ni gbogbo ènìyàn jọ ní.

6.1 Òpópónà tí a fi lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́

Ní ọdún 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan lọ́wọ́ láti tún un ṣe kí ó sì máa gba owó ibodè fún ọgbọ̀n ọdún. Àwọn olùgbé fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n kọ̀wé, wọ́n sì lọ sílé ẹjọ́, nítorí pé ọ̀nà mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ sí fún wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, gbígba owó bẹ̀rẹ̀ ní ibodè àkọ́kọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ náà padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti dìde: bí a bá fi ohun ìní gbogbogbòò lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́, ṣé ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bá a lọ?

Irú ìbéèrè yìí ti wáyé ní Amẹ́ríkà, lórí ìbuwọ́lùwé gan-an. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1975, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé girama kan gbé tábìlì kalẹ̀ ní ọjà ńlá aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní PruneYard, ní ìlú Campbell, ní ìpínlẹ̀ California. Wọ́n ń kó ìbuwọ́lùwé jọ lórí ìpinnu kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe. Ẹ̀ṣọ́ ọjà ní kí wọ́n kúrò. Wọ́n kúrò, wọ́n sì pe ẹjọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1980, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fara mọ́ ọn pé ìwé òfin California lè dáàbò bo irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, kódà lórí ilẹ̀ aládàáni tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àti pé èyí kò gba ohun ìní olówó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ náà kò de Nàìjíríà. Síbẹ̀, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá: ibi tí a bá pe gbogbo ayé wá ná ọjà, a kò lè sọ pé kí wọ́n fi ẹnu wọn sílẹ̀ nílé.

6.2 Otodo Gbame

Àwọn Ègùn apẹja tí ń gbé Otodo Gbame, létí ọ̀sà ní agbègbè Ikate Elegushi, lé ní 30,000. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, iná àti katakata ba ibẹ̀ jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé wọn. Ìjọba ní ìjà àwọn olùgbé ló fà á. Àwọn olùgbé ní wọ́n lé àwọn ni. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n wó ohun tí ó ṣẹ́ kù. Àwọn tí ó sọ ilé nù wọ́ lọ sí Aláùsá láti fi ẹ̀hónú hàn. Agbófinró kó lára wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2017, Adájọ́ Adéníyì Onígbànjo ti ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé irú ìlékúrò bẹ́ẹ̀ lòdì sí ìwé òfin, ó sì jẹ́ ìwà ìkà tí ó tàbùkù ọmọnìyàn. Ìdájọ́ wà, Otodo Gbame kò sí mọ́. Ìwé ẹ̀hónú nílò àdírẹ́sì, bí a bá sì ti wó àdúgbò, àwọn tí ìbá buwọ́ lùwé ti túká.

6.3 Oṣù Kẹwàá ọdún 2020

Oṣù kan lẹ́yìn tí a buwọ́ lu òfin ọlọ́pàá tuntun, àwọn ọ̀dọ́ péjọ sí ibodè Lekki láti tako ìwà ìkà ọlọ́pàá SARS. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ibodè tí a kọ́ fún owó gbígbà di ojúde ìlú. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, gómìnà kéde kónílé-ó-gbélé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ogun dé, wọ́n sì yìnbọn. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó sì ní àwọn kan kú níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò gba apá yìí wọlé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀tọ́ ìpéjọ lójú, ó sì ní kí a san mílíọ̀nù méjì náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn olùpẹjọ́ mẹ́ta.

Ní àkókò kan náà, ìwé ẹ̀hónú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì gba ìbuwọ́lùwé tí ó ju 200,000 lọ. Àwọn aṣòfin náà sì jíròrò rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2020. Ẹni tí ó wà ní London buwọ́ lùwé láìdìde lórí àga. Ẹni tí ó wà ní Lekki fi ara rẹ̀ ṣe ìbuwọ́lùwé.

7.0 Ìbuwọ́lùwé tí Gbangba Kò Jẹ́rìí Sí

Ẹnì kan lè béèrè pé: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lè gba orúkọ, kí ni a tún ń wá ní òpópónà? Ìdáhùn wà ní ìwọ̀-oòrùn Kogi, níbi tí àwọn Yorùbá Okun pọ̀ sí. Abala 69 ìwé òfin fàyè gba pé kí àwọn olùdìbò pe aṣòfin wọn padà, bí ìdajì wọn ó lé bá fọwọ́ sí ìwé. Ní ọdún 2017, àwọn kan gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá lórí Aṣòfin àgbà Dino Melaye, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé tí ó ju 180,000 lọ. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò pe àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2018, 18,742 péré ni a lè fìdí wọn múlẹ̀ nínú olùdìbò 351,146. Ìyẹn kò ju ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí kò fi hàn pé irọ́ ni gbogbo orúkọ yòókù, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn kan kò jáde lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé orúkọ orí ìwé àti ènìyàn tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí a bá kó ìbuwọ́lùwé jọ ní gbangba, èrò ọjà ni ẹlẹ́rìí. Gbangba dára fún ẹni tí ń fẹ̀hónú hàn, ó sì dára fún ẹni tí a ń fẹ̀hónú hàn sí.

8.0 Ìwúlò fún Olùkọ́ Yorùbá

Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ wà nínú ìlànà iṣẹ́ Yorùbá ní iléèwé girama. A ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àdírẹ́sì méjì, déètì, ìkíni, àkọlé àti ìbuwọ́lùwé ẹnì kan. Ibẹ̀ ni a sì máa ń dúró sí. Ó yẹ kí olùkọ́ lọ síwájú nípa fífi ìwé ẹ̀hónú kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀. Kí kíláàsì yan ọ̀rọ̀ àdúgbò kan, bí àpẹẹrẹ kànga tí ó bàjẹ́ tàbí gọ́tà tí ó dí. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè Yorùbá tó mọ́, kí wọ́n sì jíròrò ibi tí wọn yóò ti kó orúkọ jọ àti ìdí rẹ̀. Kí wọ́n kọ lẹ́tà kejì tí yóò fi tó ọlọ́pàá létí. Kí wọ́n tún mọ̀ pé òfin tí ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ní Èkó pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ ìwé fún aláìmọ̀wé ka ìwé náà fún un kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ka, kí akọ̀wé sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Ohun tí àwọn ọlọ́jà Èkó nílò ní ọdún 1940 ti di ìlànà òfin.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a tọ̀ yìí fi hàn pé láti ọdún 1908 títí di òní, ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí ìwé ń gbòòrò, ilẹ̀ tí ó lè ti lò ó sì ń súnkì. Òfin ìdìtẹ̀ gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́. Ìwé àṣẹ gbìyànjú láti pa ojúde mọ́. Odi, ibodè àti ìwólé ń mú ojúde fúnra rẹ̀ kúrò. Ilé ẹjọ́ ti wó ìdènà kejì. Ìkẹta ni ó kù, kò sì sí ìdájọ́ tí ó lè dá a dúró bí àwọn tí ń ya àwòrán ìlú kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ojúde nínú àwọn àdúgbò tuntun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún ilé ìtajà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àwọn baba ńlá wa kì í tẹ ìlú dó kí wọ́n má wá ibi tí wọn yóò fi ọjà sí. Ìlú tí kò ní ojúde ní olùgbé, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti ní ará ìlú.